Bàbá Béèsì àti Àyè Kan Tó Ṣófo Lórí Bẹ́ǹṣì Wọn

A bí bàbá wa, tí gbogbo ìjọ mọ̀ sí Bàbá Béèsì, ní àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ, nínú ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí odò. Ní ti ọjọ́ tí a bí wọn, ẹbí tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, nítorí ọdún mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wa. Ìwé ìrìbọmi wọn sọ pé 1941 ni. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù sọ pé 1943. Káàdì ilé ìwòsàn sọ pé 1938, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó kọ ìyẹn fojú díwọ̀n wọn ni, Bàbá kò sì bá a jiyàn. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin fara mọ́ 1941, àbúrò wa obìnrin fara mọ́ 1943, a sì ti ṣe ìpàdé ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n gbé kálàmù lé lọ́wọ́ nínú wa, ìyẹn ọmọ kejì, tó ń ṣe tíṣà, ti kọ 1941 nítorí pé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú u.

Bàbá wọn ń tu ọkọ̀ ojú omi, ìyá wọn ń ránṣọ lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan náà. Bàbá wa ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Kò sí akọrin kankan nínú ìdílé náà. Bàbá wọn máa ń súfèé nìkan, ìyẹn náà sì jẹ́ nígbà tí odò bá ń ru, kí àwọn èrò inú ọkọ̀ má baà mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Bàbá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún méjì péré. Ohun tó dá ẹ̀kọ́ náà dúró kò yé wa di òní. Nígbà kan wọ́n á ní àìsàn ni, nígbà mìíràn wọ́n á ní tíṣà ló nà wọ́n lánàjù, bí inú wọn bá sì dùn tán, wọ́n á ní àwọn ni àwọn lé ilé ìwé náà jáde. Ní 1957, wọ́n fà wọ́n lé ọ̀gá káfíńtà kan lọ́wọ́, ọ̀gá tí ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ní 1961, nígbà tí wọ́n pé ọmọ ogún ọdún (tàbí méjìdínlógún, bí ti àbúrò wa bá jẹ́ òótọ́), Bàbá àti ẹlẹgbẹ́ wọn kan lẹ́nu iṣẹ́ jọ gbé kọ́bọ́ọ̀dù onídígí kan lọ fún ẹni tó ni ín. Wọ́n ń kọjá lábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin sì ń dán orin wò nínú ilé. Sọpuránò wọlé, áátò tẹ̀lé e, tẹ́nọ̀ dáhùn. Nígbà tí béèsì wọlé nísàlẹ̀ gbogbo wọn, Bàbá gbé igun tiwọn sílẹ̀ láì sọ fún ẹnì kejì. Ẹnì kejì ṣì ń rìn lọ ní tiẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ṣubú, dígí fọ́ yángá, ariwo sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí à ń wí ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú èérún igi lórí. Bàbá máa ń sọ fún wa pé ẹsẹ̀ ni àwọn kọ́kọ́ fi gbọ́ orin náà kó tó dé etí àwọn. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀gá wọn fi oṣù mẹ́rin kún ìkọ́ṣẹ́ wọn nítorí dígí yẹn, Bàbá sì ní orin náà tó bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ti mọ ìwé kà. Sọ́fà, ìyẹn lẹ́tà tí a fi ń kọ ohùn orin sílẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mọ̀ pé àwọn lẹ́tà yẹn kan náà ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ènìyàn. Wọ́n ṣe ìrìbọmi ní 1962. Bàbá kò fi bò rí pé orin ló mú àwọn dé ọ̀dọ̀ Olúwa, kì í ṣe ìwàásù, ọ̀rọ̀ yìí sì dun pásítọ̀ ìgbà náà díẹ̀. Bàbá kì í ṣe ẹlẹ́nu àdúrà. Níbi àdúrà òwúrọ̀, gbólóhùn méjì ni tiwọn: wọ́n á dúpẹ́ pé ilẹ̀ mọ́, wọ́n á bẹ̀bẹ̀ pé kó tún mọ́ lọ́la. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á dá orin, a ó sì pẹ́ dé ilé ìwé. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa béèrè ìdí tí àdúrà wọn fi kúrú tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní, “Tí mo bá ń gbàdúrà, mo máa ń tọrọ nǹkan. Tí mo bá ń kọrin, mi ò tọrọ nǹkan kan. Ọlọ́run náà á sinmi díẹ̀.”

Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní 1966, ilé onípáànù kan tó ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan fún igi, ọ̀kan fún ènìyàn. Orin ni àwọn oníbàárà fi ń mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Tí Bàbá bá ń rẹ́ igi, orin tó yá ni. Tí wọ́n bá ń fá a, orin tó fà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń kun fáníìṣì, ohùn wọn á lọ sílẹ̀ débi pé ife orí tábìlì á máa gbọ̀n. Ìyá kan tó ń retí àga máa ń dúró sí òdìkejì títì, á tẹ́tí sílẹ̀, á sì yíjú padà sílé: “Orin ayùn ni wọ́n ṣì ń kọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ní 1968, wọ́n gbé Màmá wa níyàwó. Ìdílé tó ń ṣe búrẹ́dì ni Màmá ti wá, wọ́n sì ti wà ní ìlà áátò kí Bàbá tó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kò mọ sọ́fà, kò sì dùn wọ́n. Ẹnu ìyá wọn ni wọ́n ti gba gbogbo orin, nídìí ààrò búrẹ́dì, láti kékeré. Àwọn tó gbọ́ àwọn méjèèjì nígbà náà sọ pé bí béèsì Bàbá bá wà nísàlẹ̀, tí áátò Màmá sì jókòó lé e lórí, ẹni tó bá bínú wọ ṣọ́ọ̀ṣì kò ní rántí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwa ọmọ kò gbọ́ ọ rí, àfi ẹ̀gbọ́n wa, òun náà sì ní òun kò rántí dáadáa.

Ní 1979, ìjọ fi Bàbá ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin. Bàbá gbé òfin kan dé tí a mọ̀ sí Òfin Ẹ̀ẹ̀mẹta: ẹni tó bá ṣi ohùn mú lẹ́ẹ̀mẹta níbi ìdánrawò Ọjọ́bọ̀ yóò bọ́ aṣọ akọrin, yóò lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, títí yóò fi tún orin náà kọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé orúkọ. Bàbá ní a kì í gbé iṣẹ́ jákujàku síwájú Ọlọ́run, nítorí Òun kì í ṣe oníbàárà tí a lè fi fáníìṣì tàn jẹ. Òfin náà kò mojú ẹnikẹ́ni. Ó mú dókítà jókòó. Ó mú àbúrò pásítọ̀ jókòó.

Ní oṣù kẹta ọdún 1983, ó kan Màmá. Orin ọpẹ́ tí ìjọ fi ń parí ìsìn ni wọ́n ń kọ́. Bàbá ti fi ẹfun kọ sọ́fà ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára pátákó dúdú. Áátò mẹ́rin yòókù ka ohun tó wà lára pátákó, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Màmá, tí kò ka pátákó, kọ ọ́ bí ìyá wọn ṣe fi lé wọn lọ́wọ́, ohùn wọn sì yàtọ̀ ní ìlà ìkẹyìn. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Bàbá nawọ́ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Màmá ní, “Ọ̀gá, báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́.” Bàbá ní, “Ẹni mẹ́rin ò lè ṣìnà kí ẹnì kan ṣoṣo tọ̀nà. Lọ jókòó.” Màmá bọ́ aṣọ akọrin, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e lé orí dùùrù, wọ́n sì gba ilé lọ po ìyẹ̀fun. Wọn kò padà sínú ẹgbẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ìjọ bá dìde láti kọrin, Màmá á dìde, wọ́n á ṣí ìwé orin, ètè wọn kì í mì.

Kò sí ìjà nínú ilé wa o. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, àbíkẹ́yìn wa tí a bí ní 1986 sì jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n Màmá kì í kọrin àfi bí Bàbá kò bá sí nílé. Bí ẹsẹ̀ Bàbá bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, orin á dákẹ́. Àwa ọmọ rò pé bí ilé gbogbo ènìyàn ṣe rí nìyẹn, pé orin bàbá àti orin ìyá kì í gbé inú yàrá kan. Àbúrò wa obìnrin lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá àwọn òbí ọ̀rẹ́ náà níbi tí wọ́n ti jọ ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́ ilé, ló bá sáré wálé wá sọ pé wọ́n ń jà.

Láti 1991, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá máa ń lọ kọrin fún àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Mátírọ́ọ̀nù lé wọn jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, tí kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, la ẹnu pé níbo ni olóhùn ìsàlẹ̀ àná wà, ó ku ẹsẹ orin kan tí wọn kò parí. Mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ló wá wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bí Bàbá bá ń ti ibẹ̀ bọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín lójú títì bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Wọ́n tún kan àga fún ilé ìwé ọmọ wẹ́wẹ́ ìjọ, wọ́n sì kan pósí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ aláìní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú fún wa nìyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, Bàbá bọ́ aṣọ akọrin, wọ́n fi ẹgbẹ́ lé olùdarí tuntun lọ́wọ́, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́yìn. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Orin kò jáde lẹ́nu wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n á kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé igi bẹ́ǹṣì, wọ́n á dijú. Síbẹ̀ wọ́n ń kọrin ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń lọ sí wọ́ọ̀dù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀gbọ́n wa, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ní ẹnì kan ti ṣẹ̀ wọ́n. Àbúrò wa ní ọjọ́ ogbó ni. Àbíkẹ́yìn ní bóyá wọ́n ti kúrò nínú ìgbàgbọ́, a sì bá a wí gidigidi.

Ẹ̀gbọ́n wa gbé ìbínú rù, ó di ilé olùdarí akọrin: “Kí ni bàbá wa ṣe fún yín?” Olùdarí náà, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń ta oògùn, bẹ ẹ̀gbọ́n wa fún odidi wákàtí kan, ó ní kí ẹbí dárí ji òun. Ẹ̀gbọ́n wa padà dé bí ajagunṣẹ́gun, ó ní ó ti jẹ́wọ́. A ní kí ló jẹ́wọ́? Kò mọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni ẹbí yìí kò fi kí ọkùnrin náà dáadáa, lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ní 2010, Bàbá kan bẹ́ǹṣì kan, wọ́n gbé e sí ìparí ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bẹ́ǹṣì ìjọ wa gba ènìyàn mẹ́fà, ti Bàbá gba ẹni méjì péré. Wọ́n á jókòó sí apá ọ̀tún, wọ́n á gbé ìwé orin sí apá òsì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé e kúrò. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, àwọn tó ń fi èrò jókòó á wá tọrọ àyè náà. Bàbá á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, “Ẹnì kan ń bọ̀.” Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹnì kan yẹn fi ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ní áńgẹ́lì ni. Ẹ̀gbọ́n wa ní Bàbá kàn fẹ́ àyè tí wọ́n á na ẹsẹ̀ sí ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 2025, Bàbá sùn lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù, wọn kò sì jí mọ́. Ọwọ́ wọn wà lórí pátákó kan tí wọn kò tí ì fá. Ẹ̀gbọ́n wa pè wọ́n títí kó tó yé e, nítorí ó ti mọ́ wa lára pé Bàbá kì í dáhùn ìpè àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, olùdarí akọrin wá bá wa kẹ́dùn, ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó ní Bàbá ti mú òun ṣèlérí pé òun kò ní sọ, ìdí nìyẹn tí òun fi ń bẹ ẹ̀gbọ́n wa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìlérí náà ti parí báyìí. Etí Bàbá ló ti ń kú díẹ̀díẹ̀ láti 2007. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá oògùn tí kò sí. A wo ara wa lójú. Ọmọ mẹ́rin, ojú mẹ́jọ! Bàbá kì í dáhùn ìpè, a ní àgídí àgbà ni. Wọ́n máa ń tẹjú mọ́ ẹnu ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, a ní ìfẹ́ ni. Wọ́n ń gbé ọwọ́ lé igi kí orin lè gba ibẹ̀ wọlé, a ní wọ́n ń tòògbé. Àwọn aláìsàn kò ní Òfin Ẹ̀ẹ̀mẹta ní tiwọn, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi lè máa bá wọn kọrin lọ.

Nítorí etí yìí ni Bàbá ṣe tún gbogbo orin kà láti inú ìwé, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì, kí ojú lè ran etí lọ́wọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe dé orí orin ọpẹ́ tọdún 1983, tí wọ́n rí i pé ní ìlà ìkẹyìn, ohùn tẹ́nọ̀ ni àwọn kọ sí àyè áátò lára pátákó lọ́jọ́ náà. Àwọn mẹ́rin tó ka pátákó ló ṣìnà. Màmá nìkan ló tọ̀nà.

Olùdarí ṣí ìwé náà fún wa. Ní ojú ewé 1983, ọwọ́ Bàbá ló kọ ọ́: “Áátò karùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó jókòó.” Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú báírò mìíràn: “Òun ló tọ̀nà. Èmi ni mo ṣì í kọ.” Ní ojú ewé 2009, wọ́n kọ ti ara wọn: “Béèsì kìíní. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó jókòó.” Nígbà tí a lọ gbé bẹ́ǹṣì Bàbá láti nù ún fún ìsìn òní, a dojú rẹ̀ délẹ̀. Káfíńtà máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé sábẹ́ igi, kí apá kan má baà bọ́ sí àyè èkejì. Lábẹ́ apá ọ̀tún, Bàbá kọ “Béèsì”. Lábẹ́ apá òsì, wọ́n kọ “Áátò”.

Kí ló dé tí wọn kò sọ fún Màmá? Kò yé wa. Ẹni tó lè kọrin fún odidi wọ́ọ̀dù kò lè bá ìyàwó rẹ̀ sọ gbólóhùn kan. Ẹ̀gbọ́n wa ní ìtìjú ni. Àbúrò wa ní Bàbá ń retí kí Màmá rí àyè náà fúnra wọn. Ẹni tó ń kọ èyí kò mọ̀. Inú ń bí i sí Bàbá, àárò wọn sì ń sọ ọ́, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ sunkún lé lórí.

Nígbà tí a ka ìwé náà fún Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Lẹ́yìn náà ni ìbínú wá: “Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn orí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ta ni n ó wá bá jà báyìí?” A béèrè bóyá kí a yọ apá yìí kúrò nínú ìtàn Bàbá, nítorí ojú ayé. Màmá ní, “Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti ní kí n jókòó. Ojú gbogbo ènìyàn náà ni kí wọ́n ti ní kí n dìde.” Ìdí nìyí tí ẹ fi ń kà á.

Ẹbí sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olùdarí akọrin. A kò ní ká má tún un tọrọ nínú ìwé yìí.

Bàbá fi Màmá sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin: awakọ̀, tíṣà, aránṣọ, àti atúnrédíòṣe. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, tàbí méjìlá bí ìyàwó àbíkẹ́yìn bá ti bímọ kí ẹ tó ka ibí yìí, àti àtọmọdọ́mọ méjì. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí kò tí ì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹkún rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju ti gbogbo ọmọ ọwọ́ tí a mọ̀ lọ.

Orin ọpẹ́ yẹn ni a ó kọ kí pósí tó jáde. Olùdarí ti gbà pé dùùrù kò ní dún, ẹnikẹ́ni kò sì ní fún ìjọ ní ohùn. Màmá yóò lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì Bàbá, ní apá òsì, ibẹ̀ ni wọn yóò ti dìde láti dá a. Ọdún méjìlélógójì rèé tí wọn kò ti kọrin níwájú ènìyàn. A kò mọ bí ohùn náà ṣe kù sí, Màmá pàápàá ní àwọn kò mọ̀. Ó lè ga jù, ó lè lọ sílẹ̀ jù, ó sì lè já láàárín. Ẹbí bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa ṣọ̀fọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́ wọn sọ́nà. Ibi tí Màmá bá gbé ohùn sí, ibẹ̀ ni kí gbogbo wa lọ bá wọn. Bí wọ́n bá sì dé ìlà ìkẹyìn, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́.

Bàbá Béèsì, ẹ sinmi jẹ́jẹ́, ẹ sùn re. Ẹni tí ẹ ń retí ti dé, wọ́n ti jókòó sí àyè wọn.